Olúyọmí Tó Ń Wẹ Ajá ní Ọ̀kà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ajá nílé.

Olúyọmí ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ọ̀kà Àkókó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wẹ ajá, kó gé irun àti èékánná rẹ̀, kó ṣa eégbọn ara rẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́: ta ni yóò sanwó nítorí pé wọ́n wẹ ajá fún un? Àmọ́ ó mọṣẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń fa ajá wá bá a láti Ìkàrẹ́, Ikun àti Ògbàgì.

Ẹnu rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé: AJÁ KAN Ò LÈ BU ÈMI JẸ. Bó bá ń fọ eyín ajá, ọwọ́ lásán ló ń tì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á ya fídíò rẹ̀, á gbé e sí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ tí Zipporah ìyàwó rẹ̀ rà fún un ṣì wà nínú ọ̀rá. Kì í sì í béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ajá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, Abdulrazaq tó ń ta sìmẹ́ǹtì n'Íkàrẹ́ fi okùn fa ajá tó ń ṣọ́ sítóò rẹ̀ wá. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu ajá náà, ohùn rẹ̀ sì ti há.

"Bọ̀dá Yọmí, ajá yìí ò jẹun láti àná o. Ṣé kí n kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran?"

"Dókítà kẹ̀? Ìdọ̀tí àti eégbọn ló ń dà á láàmú."

Ó ń gé irun ọrùn rẹ̀ lọ́wọ́ ni ajá náà yíjú padà, tó gé e jẹ lọ́wọ́. Egbò náà ò ju kí abẹ́rẹ́ gún èèyàn lọ.

Abdulrazaq fò dìde. "Subhanallah! Ẹ fọ̀ ọ́! Bí ajá bá fẹnu kan abọ́ àwa Mùsùlùmí lásán, ẹ̀ẹ̀meje là ń fọ̀ ọ́. Ọṣẹ rèé, omi rèé!"

"Ìyẹn tiyín nínú ẹ̀sìn, Àlàájì." Olúyọmí rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n ń ṣe lóko bàbá rẹ̀ ló ṣe: ó bu nínú irun ajá náà tó gé sílẹ̀, ó sun ún, ó pò ó mọ́ epo pupa, ó fi lẹ ojú egbò. Ó ní ó parí.

Lọ́jọ́ kẹta, Abdulrazaq pè é. "Ajá yẹn ti kú o! Mo bẹ̀ yín nítorí Ọlọ́run, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́."

Zipporah kúnlẹ̀. "Bàbá Success, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù."

"Kí gbogbo Ọ̀kà wá gbọ́ pé ajá bu Olúyọmí jẹ? Ṣé o fẹ́ kí n ti ṣọ́ọ̀bù ni? Egbò tó ti ń jiná!"

Lóòótọ́, ó jiná. Ohun tó tàn án jẹ nìyẹn. Ó ń bí mi nínú títí di òní: nítorí pátákó lásán!

Lọ́sẹ̀ keje, ojú àpá náà bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ibà sì dé. Láàárọ̀ ọjọ́ Fúráìdè, ó ń da omi sínú bàsíà láti wẹ ajá. Bó ṣe gbọ́ ìró omi, ọ̀fun rẹ̀ fún pọ̀, ó ké, ó sá jáde. Zipporah gbé omi fún un pé kó mu.

"Gbé e kúrò! Gbé e kúrò níwájú mi!"

Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, kò sì lè mu ún. Àrùn dìgbòlugi ló ti kó lára ajá yẹn.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, dókítà béèrè ọjọ́ tí ajá náà bù ú jẹ. Nígbà tí Zipporah sọ fún un, ó mi orí. "Ká ní ẹ ti wá lọ́jọ́ náà ni. Kò sóhun tá a lè ṣe mọ́."

Olúyọmí gbọ́. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. "Ó yẹ kí n ti fọ̀ ọ́, Zipporah."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni nígbà tó kú. Zipporah ti fi ọ̀dà pa ọ̀rọ̀ ara pátákó yẹn rẹ́, àmọ́ bí oòrùn bá ràn sí i, èèyàn ṣì lè rí i kà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gba abẹ́rẹ́ fún ajá yín lọ́dọọdún. Bí ajá bá gé yín jẹ, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi irun sí i, ẹ má fi epo sí i, ẹ má sì jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró sílé. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ní ajá. Ọṣẹ, omi àti abẹ́rẹ́ ni ì bá gba Olúyọmí là, méjì nínú wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.