Ẹni Tí Láńre Sin ní Kawo

Láńre ti gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì tán kó tó rántí pé báàgì ṣì wà lọ́wọ́ òun. Matilda, obìnrin tó ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Sátidé, dúró ti ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó wo báàgì náà.

“Bàbá Àdùkẹ́, kí ló dé? Ẹ kì í dúró jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa, òní lẹ wá gbé ẹrù wá. Ṣé ẹ fẹ́ máa sùn síbí ni?”

“Katikíìsì ni mo fẹ́ rí.”

“Wọ́n wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Ẹ nu ẹsẹ̀ yín o! Ibí kì í ṣe gáréèjì.”

Láńre nu ẹsẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 1962 ni, ọyẹ́ ti sọ gbogbo Kaduna di funfun.

Emmanuel, katikíìsì ìjọ náà, ń ká ẹ̀wù funfun tó máa wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti gbé e wá láti Zaria. Ó kéré sí Láńre lọ́jọ́ orí. Ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú, ó jókòó, ó ní kí Láńre náà jókòó. Láńre kúnlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde.”

“Ẹ jẹ́ kí n wà níbẹ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá ni mò ń lọ. Ìyá Àdùkẹ́ rò pé Jos ni.” Ó gbé báàgì sílẹ̀. “Mo pa ènìyàn.”

Emmanuel gbé ẹ̀wù náà sórí tábìlì.

Láńre sọ ọ́ bí ẹni tó ti há a sórí. Ní ọdún méje sẹ́yìn, nínú ọyẹ́ bí irú èyí, ó ń fi lọ́rì kó ẹ̀pà bọ̀ láti Zaria. Oòrùn ń wọ̀. Nítòsí Kawo, ọkùnrin kan tó wọ agbádá funfun tó sì dé fìlà Hausa wà lórí kẹ̀kẹ́. Lọ́rì gbá a. Láńre kò dúró. Àwọn awakọ̀ a máa sọ pé ẹni tó bá dúró, wọ́n á sin ín pọ̀ mọ́ ẹni tó gbá.

“Ó pariwo?” ni Emmanuel béèrè.

“Ó pariwo.”

“Ó pe ìyá rẹ̀.”

Láńre gbójú sókè. “Ta ló sọ fún yín?”

“Ẹni tó bá ń jẹ̀rora, ìyá rẹ̀ ló ń pè.”

“Yorùbá ló fi pè é. Mo ti rò pé Hausa ni.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìjàǹbá náà, Láńre fi ẹsẹ̀ rìn padà sí Kawo. Ó bá àwọn ènìyàn tó ń gbé òkú jáde nínú ilé kan tí kò jìnnà sí títì. Wọ́n ní Abdulganiyu ni, ọmọ Ìlọrin, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Láńre tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n tò láti kírun sí òkú náà lára, òun náà tò sẹ́yìn. Ó tẹ̀ríba. Òun nìkan ló tẹ̀ríba. Kò mọ̀ pé ìdúró ni wọ́n ń kí ìrun òkú. Ọmọdé kan rẹ́rìn-ín, bàbá rẹ̀ sì gbá a létí. Ní ìdí sàréè, Láńre bu iyẹ̀pẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta bí àwọn yòókù ti ṣe.

“Ṣé ẹ béèrè ohun tó pa á?”

“Ta ní í béèrè ohun tó mọ̀?”

Emmanuel dìde, ó lọ sí ojú fèrèsé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di igi rẹ̀ mú.  Matilda ń kọ orin lóde.

“Òkú náà máa ń wá bá mi lóru,” ni Láńre wí. “Kì í sọ̀rọ̀. Á dúró sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì nínú aṣọ funfun. Kò lójú, torí mi ò rí ojú rẹ̀ rí. Bí ẹ bá wọ ẹ̀wù yín lọ́jọ́ Ìsinmi, ilẹ̀ ni mo máa ń wò.”

“Ṣé ẹ gbọ́ ìwàásù mi lọ́sẹ̀ tó kọjá?”

“Mo wà níbẹ̀. Ẹ ní a ní olórí àlùfáà kan. Ẹ ní àwọn ènìyàn pa á, ó tún wà láàyè, ó wá ń bẹ Ọlọ́run fún àwọn tó pa á.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ó dáa fún wọn. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gan-an ló ń bẹ̀bẹ̀ fún wọn. Katikíìsì, èmi ò fi lọ́rì gbá Jésù. Abdulganiyu ni mo gbá, ààfáà ló sì sin ín. Ọlọ́run lè dárí tirẹ̀ jì mí. Ta ló máa bá òkú dárí jì mí?”

Emmanuel kúrò lójú fèrèsé, ó padà wá dúró níwájú rẹ̀.

“Kí wọ́n fi mí sẹ́wọ̀n. Bóyá kò ní bá mi débẹ̀. Ẹ ṣáà gbàdúrà fún mi kí n tó lọ.”

“Mi ò ní lè bá yín kúnlẹ̀.”

“Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé orúnkún yín kì í ká. Ẹ dúró gbà á.”

Láńre di ojú rẹ̀.

Emmanuel gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, “Baba, ìwọ lo mọ ohun tó pa Abdulganiyu, ṣùgbọ́n èmi ni ọkùnrin yìí gbá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sì ti dárí jì í lórí bẹ́ẹ̀dì hósípítù ní Zaria, kí n tó mọ orúkọ rẹ̀,” ó ṣe àmín, ó rọra ṣílẹ̀kùn, ó sì jáde.