Fíìmù Tí Ìyá Khàdíjàh Ò Fẹ́

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, fíìmù yẹn kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń wò. Bí àwọn ọmọ ṣe ń fìyà jẹ ọmọ ẹgbẹ́ wọn ló kún inú ẹ̀. Khàdíjàh ò ní lè sùn."

"Ẹ wá jókòó tì í, mà," ni Tíṣà Fọládé wí lórí fóònù.

Bí Ìyá Khàdíjàh ṣe ti ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ lọ́jà Ìwó nìyẹn, tó gun ọ̀kadà wá.

Àwọn ọmọ kíláàsì há mọ́ra nínú gbọ̀ngàn. Ooru ń mú.

Khàdíjàh ò jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń wẹ̀yìn, ó ń wo ẹnu ọ̀nà, ó ń gé èékánná jẹ.

Nínú fíìmù, wọ́n ti ọmọbìnrin kan mọ́ yàrá. Ó ń lu ilẹ̀kùn, ó ń ké.

Khàdíjàh fò dìde.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ n lọ!"

"Ṣé ẹ rí i, Tíṣà? Ẹ ti dẹ́rù ba ọmọ mi!"

Ọmọ ti sáré jáde. Ìyá gbá tẹ̀ lé e, ìborùn rẹ̀ já bọ́, kò dúró mú un.

Khàdíjàh ò gba ọ̀nà géètì. Ẹ̀yìn ilé ìwé ló gbà, níbi tí ṣáláńgá àtijọ́ wà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fa irin tó dábùú ilẹ̀kùn.

Moṣọpẹ́, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ṣubú síta. Òógùn bò ó, ohùn rẹ̀ ti há.

Ìyá Khàdíjàh gbé e mọ́ra.

"Ta ló ṣe èyí?"

Khàdíjàh kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀.

"Èmi ni, Mọ́mì. Láti ìgbà bírékì."