Ikọ́ Inú Orin Ọ̀kẹ́rẹ́

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó bà sórí Ọ̀kẹ́rẹ́ opó àti Odídẹrẹ́ àlejò.

Ọkọ Ọ̀kẹ́rẹ́ kú, ó fi ọmọ mẹ́fà sílẹ̀ fún un. Ẹyìn ló ń tà, orin tó fi ń polówó ló ń bọ́ wọn. Odídẹrẹ́ dé, ó gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbé e lọ sídìí ẹyìn tirẹ̀. Gbogbo oníbàárà yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ebi wọlé Ọ̀kẹ́rẹ́.

Ó kó ẹjọ́ lọ bá Erin ọba.

"Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́, òfin ní ẹni tó bá fọwọ́ mú ohun olóhun ni olè."

Odídẹrẹ́ na ìyẹ́. "Kábíyèsí, ọwọ́ mi dà?"

Àwọn ẹranko tó wá gbọ́ ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kẹ́rẹ́ ò mira. "Ẹ ní kó kọ orin ọ̀hún."

Odídẹrẹ́ bú sórin, gbogbo wọn ń gbè é:

Ẹ wá ra ẹyìn mi o,
*Ẹyìn pupa!*
Èmi ni mo gun ọ̀pẹ o,
*Ẹyìn pupa!*
Kọ́hùn, kọ́hùn!

"Ṣé ikọ́ ń ṣe ọ́ ni?" Erin bi í.

"Rárá o. Bí orin mi ṣe rí nìyẹn."

"Aláìnítìjú!" Ọ̀kẹ́rẹ́ pariwo. "Ẹyìn ló há mi lọ́fun lọ́jọ́ tóo gbọ́ ọ! O jí orin, o jí ikọ́ mọ́ ọn!"

Erin dìde. "Wọn ò tíì mọ Odídẹrẹ́ nígbà tí wọ́n ṣòfin. Láti òní lọ, àfọwọ́mú, àfẹnumú, olè ni. Ẹyìn rẹ di ti Ọ̀kẹ́rẹ́."

Bí mo bá jí àlọ́ yìí, kí n wúkọ́. Ṣé ẹ gbọ́ ikọ́?