Èrò Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́

Ìyàwó Látúndé ń rọbí lóko. Ni Oyèbísí agbẹ̀bí bá gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó gba ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ ẹ̀bá odò, níbi tí mọ́tò kì í gbà.

Nígbà tó dé àkùrọ̀, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tó ń ké dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kẹ̀kẹ́ sì wúwo lójijì, bí ẹni pé ènìyàn jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, kò rí ẹnikẹ́ni.

“Ta nìyẹn?”

Ohùn ọmọdé kan dáhùn nítòsí etí rẹ̀: “Ẹ má dúró, ìyá. Ilé Látúndé lèmi náà ń lọ. Mo ti débẹ̀ rí.”

 Oyèbísí fẹ́ ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ kó sá, àmọ́ ó rántí àwọn ọmọ tó ti kú mọ́ ìyàwó Látúndé lọ́wọ́. Ó ń wa kẹ̀kẹ́ lọ láàárín oko ẹ̀gẹ́, kò bojú wẹ̀yìn mọ́.

Látúndé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Ẹ kú ewu ọ̀nà, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára.”

Kí Oyèbísí tó dáhùn, kẹ̀kẹ́ fúyẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Nínú yàrá, ọmọ tuntun ké.