Akàn Olùṣọ́ Igi Etíkun

Àlọ́ mi gbéra, ó di etí òkun, ó bá Akàn nídìí igi kan ṣoṣo tó kù nínú ìran rẹ̀. Àwọn ẹranko ibẹ̀ ló fi Akàn joyè olùṣọ́, nítorí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mú, ó di mímú nìyẹn.

Èso méje péré ni igi náà so lọ́dún yẹn. Akàn kó gbogbo wọn sínú ihò. Àdán dé, ó kọrin:

"Akàn, fún mi léso jẹ."
Wẹ́rẹ́ òkun!
"Màá tu kóró rẹ̀ síyanrìn."
Wẹ́rẹ́ òkun!
"Ibẹ̀ lọmọ igi ti ń hù."
Wẹ́rẹ́ òkun!

"Olè tó tún lóhùn orin," ni Akàn wí. "Ṣé bàbá ẹ mọ̀ pé o wà níta?" Ó fi ọwọ́ ńlá dí ẹnu ihò.

Ìjì jà, igi wó. Lékeléke, tí ìtẹ́ rẹ̀ bá igi lọ, sáré dé. "Bàbá Akàn, ẹ kó èso jáde ká gbìn ín."

Akàn kó wọn jáde tìṣọ́ratìṣọ́ra. Omi iyọ̀ tó wọ inú ihò ti sọ gbogbo wọn di ẹrẹ̀ dúdú. Lékeléke sorí kọ́. Akàn rò pé ìyìn ni.

"Ẹ kà á wò," ló wí, "kò dín ẹyọ kan."