Ọwọ́ Dádì Lórí Ọ̀pá Ìdarí

Dádì mi, awakọ̀ bàálù tó ti fẹ̀yìn tì, rọra balẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì.

Bàálù orí kọ̀ǹpútà ni o, nínú pálọ̀ wa.

Èmi ni mo de ọ̀pá ìdarí mọ́ tábìlì. Mo ní kí wọ́n tì í síwájú dópin, kí wọ́n fà á padà, kí ẹ̀rọ lè mọ ọwọ́ wọn.

"Ìyá mi, ṣo rí i? Ta ló ní mo ti darúgbó?"

Mo ń pàtẹ́wọ́ bí olè tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Dádì fi fóònù pe ọ̀rẹ́ wọn tó ní bàálù kékeré gidi.

"Má wá awakọ̀ kankan mọ́ jàre. Èmi ni n ó gbé ìwọ àtàwọn ọmọ ẹ lọ lọ́la!"

Mo yíjú wo ọ̀pá ìdarí.

Láàárọ̀ òní, kí wọ́n tó balẹ̀ ire yìí, ńṣe ni bàálù orí kọ̀ǹpútà yìí ń mì lọ́tùn-ún lósì, omijé sì lé ròrò sójú wọn.

Wọ́n lọ mu omi. Mo bá yí ètò ẹ̀rọ padà, kí ọ̀pá má ka gbígbọ̀n ọwọ́ wọn sí mọ́.

Mo kàn fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín ni.

"Bọ̀ mí lọ́wọ́, ẹnjiníà mi!"

Fóònù ṣì wà létí wọn. Mo bọ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n nínú tèmi.