Ọ̀pá Àràmọ́tù

Nígbà tí Khàdíjàh, tí wọ́n gbà fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, parí ètò tuntun kan sórí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́, ó pe Zàkárí kó wá wò ó. Iléeṣẹ́ kékeré kan ni, ní Banikanni nílùú Parakou, tó ń tún pọ́ǹpù omi àwọn abúlé tó yí ìlú náà ká ṣe. Zàkárí, tí gbogbo wọn ń pè ní Ṣẹ́fù, ni ọ̀gá ibẹ̀. Òun ló ní kí wọ́n sọ ìwé iṣẹ́ di àwòrán, torí ó sú u láti máa ka ìwé àwọn tó pè ní púrúǹtù.

Ọ̀pá aláwọ̀ ewé méjì yọ lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ Àbdùlmàjíìdì lábẹ́ ọ̀kan, ti Àràmọ́tù lábẹ́ èkejì. Àwọn méjèèjì ló ń tún pọ́ǹpù ṣe, oníkálukú pẹ̀lú abúlé tirẹ̀.

"Ṣẹ́fù, ohun tí mo so ọ̀pá wọ̀nyí mọ́ ni..."

"Ṣé mo ní kí o wá kọ́ mi níwèé ni?" Zàkárí dá a lóhùn. "Mo lójú. Yọ gbogbo ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tó o kọ sókè yẹn kúrò. Orúkọ wọn tó."

Khàdíjàh yọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì ó wọ mọ́tò lọ sí Kùtọnu, níbi tí iṣẹ́ mìíràn ti ń dúró dè é.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Zàkárí á pe àwọn méjèèjì síwájú kọ̀ǹpútà. Ọ̀pá Àbdùlmàjíìdì ga, ó sì ń ga sí i. Bàtà funfun ló máa ń wọ̀ wá síbi iṣẹ́. Àràmọ́tù á dúró tòun ti ẹrẹ̀ ní orúnkún, girísì á kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Wò ó dáadáa," Zàkárí á sọ fún Àràmọ́tù. "Ewúrẹ́ pàápàá ń dàgbà. Tìrẹ ń kéré sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó tó ìka, lónìí ó ti di èékánná. Kí ni ìwúlò rẹ?"

"Ṣẹ́fù, oko ni mo wà látọ̀sán Ajé títí di Jímọ̀. Ẹ pe àwọn ará abúlé, ẹ bi wọ́n."

"Kí n máa bi ará oko léèrè ohun tí mò ń fi ojú ara mi rí?"

Fóònù orí tábìlì ń dún. Zàkárí kò gbé e. Ó ní láti oṣù tó kọjá làwọn ará oko kò ti jẹ́ kó sinmi, ariwo nìkan ni wọ́n mọ̀. Àbdùlmàjíìdì bẹ̀rẹ̀, ó nu eruku tí kò sí lára bàtà rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀pá Àràmọ́tù pòórá. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù. Zàkárí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Òfo! Ọdún mọ́kànlá lo lò níbí, òfo lo fi parí ẹ. Kó ẹrù rẹ."

"Ṣẹ́fù, ọmọ mẹ́ta ni mò ń dá tọ́."

"Kí wọ́n lọ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ ṣe, kó máa tọ́ wọn."

Obìnrin náà gbé kọ́kọ́rọ́ alùpùpù iléeṣẹ́ sórí tábìlì. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ibi tí girísì ti kan tábìlì náà, ó sì ń jáde lọ. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí Zàkárí fi ju kọ́kọ́rọ́ sí Àbdùlmàjíìdì.

"Ìwọ ni olórí níbí báyìí."

Àbdùlmàjíìdì dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Zàkárí pe Khàdíjàh.

"Báwo ni mo ṣe máa yọ orúkọ Àràmọ́tù kúrò nínú nǹkan yìí? Ọ̀lẹ ni. Mo ti lé e."

Khàdíjàh bi í léèrè:

"Báwo ni ọ̀pá rẹ̀ ṣe rí, Ṣẹ́fù?"

"Ọ̀pá wo? Kò ní rárá. Ti Àbdùlmàjíìdì ni ká máa sọ, ó ti fẹ́ kan òkè."

"Ṣẹ́fù," ni Khàdíjàh wí, "pọ́ǹpù tí oníkálukú wọn kò tíì tún ṣe ni àwọn ọ̀pá yẹn ń kà."